Ẹnu Ara Rẹ̀ Ló Fi Jẹ́wọ́

"Ọmọkùnrin tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí yẹn… ẹ ò ní gbà á gbọ́."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Tó fẹ́ fẹ́… hẹn."

"Kí ló ṣe?"

"Wọ́n ní orí pápá ni. Níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó. Bọ́ọ̀lù wà nílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wá fi ọwọ́ ẹ̀…"

"Bóyá wọ́n parọ́ mọ́ ọn ni."

"Irọ́ kẹ̀? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́. Bàbá Kóòtù fúnra wọn ló lọ wádìí ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe lé e kúrò lórí pápá, tó fi wá di… ẹ jẹ́ n fẹnu mi mọ síbẹ̀."

Kò fẹnu mọ síbẹ̀. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná, mo ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Àwọn ìyá méjì tó háyà yàrá nísàlẹ̀ ilé wa ní Dòpẹ̀mú jókòó sẹ́bàá táńkì omi, wọ́n ń pín àfẹ́sọ́nà mi láàárín ara wọn bí ẹni ń pín bísíkíìtì tó ti fọ́. Èmi ni "hẹn" tí wọ́n ń sọ. Wúràọlá lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mi ò sì tíì fèsì sọ́rọ̀ àgbà rí láyé mi. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹni tí kì í fèsì náà lè bínú. Ẹ̀wà dà sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Ilé ni mo ti kàwé. Ikọ́ fée ti ń dà mí láàmú láti kékeré. Èéfín ilé-iṣẹ́ láti ọ̀nà Ìkẹjà àti eruku títì Agége kì í jẹ́ kí n pé ọ̀sẹ̀ méjì ní kíláàsì kí wọ́n tó gbé mi padà wálé. Ìyá mi sì ti kú. Ìyá bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Adó-Èkìtì, di ẹrù wọn, wọ́n wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n ní àwọn á kọ́ mi fúnra àwọn. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni mo ti mọ ìṣirò, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀wé kà, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ bí a ṣe ń dákẹ́ tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Òfin kan wà tí wọn ò fi ṣeré: "Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ẹ, bí wọ́n ṣe rán ẹ ni kí o jẹ́ ẹ. Má bù sí i, má bù nínú rẹ̀." Tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá rán mi sí ará ilé kejì, tí mo jẹ́ mẹ́sàn-án, màá padà lọ jẹ́ ẹ̀kẹwàá, ì báà jẹ́ "ẹ ṣé" lásán.

Tẹlifíṣọ̀n ni fàájì kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà ní. Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n ń yí i kiri, wọ́n bá ṣí i sí ibi tí àwọn ọkùnrin kan ti ń rìn lórí pápá koríko, tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn.

"Kí ni àwọn géńdé wọ̀nyí ń wá nínú koríko?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

Àfi bí ẹni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ gbọ́ wọn. "Ẹ̀yin ìyá wa tó ń wò wá nílé," ni ohùn náà wí, "gọ́ọ̀fù nìyí. Nínú eré mìíràn, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Nínú tiwa, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tó kéré jù, tó fi wọ ihò, òun ló borí. Eré ẹni tí kì í ṣe àṣejù ni."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọ tó gbọ́n," ni wọ́n wí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yí tẹlifíṣọ̀n wa lọ́sàn-án Sátidé.

Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Ohùn yẹn ni mo ń gbọ́. Tí ẹni kan bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ohùn náà á rẹlẹ̀: "Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ẹ dákẹ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó mí." Èmi tí èémí ti jẹ́ iṣẹ́ fún láti kékeré, mo máa ń bá wọn mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọdún kan kọjá kí n tó rí ẹni tó ni ohùn. Fóònù Ìyá Àgbà bọ́ sínú garawa omi, mo gbé e lọ sí Computer Village, ọjà fóònù tó wà ní Ìkẹjà, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n júwe fún mi, Àǹtí Ìbísọ́lá, tí wọ́n ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Wọ́n ti tú ẹ̀yìn fóònù, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha inú rẹ̀, nígbà tí ẹnìkan wí lẹ́yìn mi pé, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ohùn ọjọ́ Sátidé yẹn ni. Mo yíjú. Ọkùnrin gíga kan ni, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì pọ́n ju ọwọ́ ọ̀tún lọ, bí ẹni pé ó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó padà sọ fún mi pé ìbọ̀wọ́ ló fà á, pé ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ sí, òun sì ti fi ọdún mọ́kànlá wọ̀ ọ́ nínú oòrùn.

"Ṣé ẹ mọ̀ mí ni?" ló bi mí, nítorí mi ò gbé ojú kúrò.

"Rárá, sà. Ohùn yín ni mo mọ̀."

Àǹtí Ìbísọ́lá gbójú sókè. "Ohùn ẹ̀ nìkan? Ẹ dúpẹ́. Tí ẹ bá mọ bó ṣe ń jẹ iṣu mi láìbèèrè, ẹ̀ẹ́ sá."

Ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí mi. "Kí ni ohùn náà sọ fún yín?"

Ilẹ̀ ni mo ń wò. "Ó ní kí n mí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdún kan nìyí tí mo ti ń sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan ń gbọ́ ibẹ̀ yẹn."

Rótìmí Dàwódù ni, ọmọ Òkè-Kòtò ní Agége. Wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Pápá gọ́ọ̀fù lọ́hùn-ún ní Ìkẹjà GRA ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé àpò igi fún àwọn ọlọ́kọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kádì. Ibẹ̀ ló ti fojú kọ́ ọ, tó fi di ẹni tó ń gbá a jẹun. Ó gbá a ní Gánà, ó gbá a ní ìlú tí mi ò lè pè. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló dá a dúró. Dókítà ní tó bá tún fi ọdún kan gbá a, kò ní lè gbé ṣíbí. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan lẹ́yìn Aláúsá ń wá ẹni tó lè fi Yorùbá ṣàlàyé eré náà. Bó ṣe di asọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lé e níbì kankan. Mo ń sọ ọ́ níbí nítorí àwọn tó wà nídìí táńkì omi.

Ó máa ń mú mi lọ sẹ́yìn pápá ní GRA, lábẹ́ àwọn igi ńlá, nítorí ó ṣàkíyèsí pé èémí kì í há mi níbẹ̀, àyà mi kì í sì í han. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni mo tó lè pè é ní "ìwọ". Mo bi í lọ́jọ́ kan pé rẹfirí wọn dà.

"A ò ní èyí tó ń tẹ̀ lé wa. Ẹni tí a jọ ń gbá ló ń kọ iye ìgbá tèmi, ìyẹn iye ìgbà tí mo gbá bọ́ọ̀lù, sínú ìwé, èmi náà ń kọ tirẹ̀."

"Tí bọ́ọ̀lù bá wọ igbó ńkọ́, tí ẹni yẹn ò rí ẹ?"

"Ìgbà yẹn ló ku èmi àti bọ́ọ̀lù."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Mi ò bi í léèrè mọ́. Ó yẹ kí n bi í.

Nígbà tó tó ọdún kan àtààbọ̀, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn ará ilé òun wá rí àwọn ará ilé mi. Àǹtí Ìbísọ́lá ló ṣe alárinà. Wọ́n wọ aṣọ tó dúró dáadáa, wọ́n kúnlẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n ní àwọn rí òdòdó kan lágbàlá yìí. Bàbá mi, tó ti fi ọdún márùndínlógójì jókòó sí ọ́fíìsì kan náà ní Aláúsá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kì í fi nǹkan jáfara. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún àwọn láyè láti wádìí, bí àwọn baba àwọn ti ń ṣe é. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ta ló máa fún ẹni tí kò mọ̀ lọ́mọ?

Ẹni tí wọ́n rán ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Àlàbá lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Kóòtù ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé kóòtù. Ìwé pélébé kan tó ní èèpo búlúù kì í kúrò lápò wọn, bírò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí wọn kì í kọ: ìwàásù pásítọ̀, ìjà àwọn ayálégbé, aago tí iná dé àti aago tí wọ́n mú un lọ. Tí ẹ bá bá wọn jiyàn, wọ́n á fọwọ́ lu àpò. "Àkọsílẹ̀ kì í purọ́." Bàbá mi gbọ́kàn lé wọn bí ẹni gbọ́kàn lé ògiri.

Ìyá Àgbà wà ní Adó ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n lọ síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá Kóòtù lọ sí pápá ní GRA. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dé, mo gbé omi fún wọn nínú pálọ̀, mo sì ń gbọ́.

"Bàbá Wúrà," ni wọ́n sọ fún bàbá mi, "mo ti ṣe ìwádìí. Mo bá ẹni tó ń gbé àpò igi fún un tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀, Job lorúkọ rẹ̀. Nínú ìdíje ńlá tí ọmọ náà gbá kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù kúrò níbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ ló mú un kúrò, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Kò gba ife ẹ̀yẹ."

Bàbá mi gbé ife omi sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé wọ́n parọ́ mọ́ ọn? Ẹ mọ bí àwọn eléré ṣe rí."

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́."

"Ẹnu ara rẹ̀?"

"Bí mo ṣe wí nìyẹn. Ní kóòtù wa, bí olùjẹ́jọ́ bá ti ní 'mo jẹ̀bi', a kì í pe ẹlẹ́rìí mọ́. Ẹjọ́ ti tán. Ìdájọ́ ló kù."

Bàbá mi wò mí lẹ́nu ọ̀nà tí mo dúró sí pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́. "Wúràọlá, o gbọ́. Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tó ń yí bọ́ọ̀lù nípò. Ẹni tó bá lè rẹ́ni jẹ níbi eré, kí ni kò ní ṣe nínú ilé? Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, a ó dá alárinà lóhùn. Má lọ rí i mọ́."

"Ẹ ṣé, sà," ni mo wí. Ẹ gbọ́ mi. Wọ́n gba àfẹ́sọ́nà mi lọ́wọ́ mi, mo ní ẹ ṣé, sà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ dé ìdí táńkì, mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tó fi máa débẹ̀, ó ti lápá, ó ti lẹ́sẹ̀, wọ́n ti lé Rótìmí kúrò lórí pápá.

Mi ò ní parọ́, èmi náà ṣiyèméjì. Lóru, mo ń yí lórí ibùsùn, mo ń bi ara mi pé ta ni mo mọ̀ gan-an. Ohùn dáadáa kì í ṣe ìwà dáadáa. Nígbà tí Sátidé dé, bàbá mi pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n bọ́ síta. Mo jókòó síwájú gíláàsì dúdú yẹn. Ni mo bá gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé: "Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ẹ jẹ́ kó mí." Ta ló ń wò ó? Àwọn ìyá ìdí táńkì. Àwọn tó ń pè é lólè láàárọ̀ ti jókòó tì í lọ́sàn-án, wọ́n sì yí ohùn rẹ̀ sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo wọ bàtà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo jáde nílé láìsọ ibi tí mò ń lọ.

Mo dúró sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà títí tó fi parí iṣẹ́. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Mi ò jẹ́ kó tàn pẹ́.

"Ṣé òótọ́ ni pé o fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́?"

Ó dúró. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mi ò bi ẹ́ ní ta ló sọ."

"Òótọ́ ni."

Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í han. "Kí lo jẹ́wọ́?"

"Pé bọ́ọ̀lù mì, àti pé ọwọ́ mi ló fà á."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Ìyókù wà lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó máa sọ ọ́ kiri, Wúrà. Tí mo bá gbé e wá síwájú bàbá rẹ nítorí pé mo fẹ́ gba ìyàwó, mo ti pàtẹ ẹ̀ bí ọjà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń hó nínú mi láti ìdí ẹ̀wà wá bẹ́. "Ìgbéraga ni ìyẹn. O lè fi wákàtí mẹ́rin sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn, o ò lè fi ìṣẹ́jú kan sọ̀rọ̀ lórí tìrẹ. Wọ́n ń bú ẹ nídìí táńkì omi wa. Bàbá mi ní o jẹ́ arẹ́nijẹ. Lọ́la ni wọ́n máa ní rárá fún Àǹtí Ìbísọ́lá, ìwọ ń sọ fún mi pé o ò pàtẹ ọjà. Èmi ńkọ́? Ṣé èmi ò tó ẹni tí wọ́n ń pàtẹ nǹkan fún?"

Kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Èmi náà ò gbọ́ ọ rí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tó pọ́n yẹn ń di, ó ń tú.

"Job wà lẹ́yìn pápá," ló wí. "Òun ló gbé àpò mi lọ́jọ́ náà. Bi í. Èmi ò ní tẹ̀ lé ẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní èmi ló kọ́ ọ ní ohun tó máa wí."

Àgbàlagbà ni Job, Bàbá Job ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi furúùtù, wọ́n ń fi àkísà nu igi gọ́ọ̀fù oníbàárà kan. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ṣebí ẹ ti rán èèyàn wá? Bàbá kan tó wọ ṣúùtù nínú oòrùn. Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ fún wọn."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Látòkè délẹ̀. Wọ́n ní kí n máa rọra sọ ọ́, àwọn ń kọ ọ́. Wọ́n kà á sí mi létí, wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Mo ní nínú mi pé ọmọ yìí ti ríyàwó nìyẹn, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tí kò bá fún un lọ́mọ, kí ló tún ń wá?"

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó rí i. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án. Rótìmí fúnra rẹ̀ ló pe ìyà lé ara rẹ̀ lórí nínú igbó: ìgbá kan ni wọ́n ń fi kún ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mi bọ́ọ̀lù. Ìgbá kan ṣoṣo yẹn ló sì fi pàdánù ife ẹ̀yẹ àti ìrìnàjò Kẹ́ńyà tó rọ̀ mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ẹ̀mí mi balẹ̀, lẹ́yìn náà inú bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá Kóòtù ò purọ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, wọ́n wá já ẹyọ gbólóhùn kan mú wálé nítorí pé lójú tiwọn, ibi tí èèyàn bá ti jẹ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jókòó ti àwọn tí wọ́n mú tipátipá kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ẹnìkan lè jẹ́wọ́ láìsí ẹni tó mú un.

Ìyá Àgbà ti dé láti Adó nígbà tí mo padà. Mo fi omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ wọn, mo ń fọ̀ ọ́.

"Ìyá Àgbà, tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá rán èèyàn, tó jẹ́ méjì péré ńkọ́?"

Wọ́n wo àárín orí mi. "Ta ni?"

"Ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ lọ́la."

Wọn ò bèèrè mọ́. Wọ́n kàn ní, "Ẹsẹ̀ kejì."

Lọ́jọ́ Àìkú, Àǹtí Ìbísọ́lá dé lẹ́yìn ìsìn. Etí àga ni wọ́n jókòó sí. Wọn ò fọwọ́ kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí mo gbé fún wọn. Bàbá mi fọn ikun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tò sílẹ̀: pé àwọn dúpẹ́, pé àwọn ò kórìíra ẹnikẹ́ni, pé ìwádìí tí àwọn ṣe ò jẹ́ kí àwọn lè tẹ̀ síwájú.

"Ìwádìí ní kí ni, sà?" ni Àǹtí Ìbísọ́lá bèèrè.

Bàbá Kóòtù ló gbà á. "Ìwà lórí pápá. Ẹ má jẹ́ ká tú u. Àbúrò yín mọ ohun tó ṣe."

"Ohun tó ṣe? Àbúrò mi tó jẹ́ pé tí mo bá fún un ní ṣéńjì tó lé, ó máa gba ọ̀nà jíjìn padà wá dá a fún mi? Ẹ dákun, ẹ tú u. Inú oòrùn Computer Village ni mo ti ń jẹun, ojú kì í tì mí."

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́," ni Bàbá Kóòtù wí. Wọ́n sì fọwọ́ lu àpò. "Àkọsílẹ̀ kì í purọ́."

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, pẹ̀lú tíréè. Ibẹ̀ náà ni mo ti ní ẹ ṣé, sà. Mo gbé tíréè náà sílẹ̀. Mo wọ àárín pálọ̀, mo kúnlẹ̀. Àyà mi ń han bí fèrè tó fọ́. Mo wò ó. Mo tún wò ó. Mo mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni mo sọ fún Bàbá Kóòtù, "ẹ bá wa ka àkọsílẹ̀ náà."

Gbogbo wọn wò mí.

"Àkọsílẹ̀ wo?" ni Bàbá Kóòtù bèèrè.

"Èyí tí Bàbá Job fọwọ́ sí."

"Wúràọlá," ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀, sà. Tí mo bá sọ ọ́, ẹ ó ní ìfẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Bàbá Kóòtù ṣún lórí àga. "Kò sí ohun tí a ń kà. Ẹni tó bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, ìyókù ìwé kò níṣẹ́ mọ́."

"Àlàbá."

Ìyá Àgbà ni. Wọn ò gbé ohùn sókè. Bàbá Kóòtù, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, jókòó tọ́ bí ọmọ iléèwé.

"Orí ẹní ni mo ti kọ́ ẹ ní ìwé kíkà l'Ádó," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo sì kọ́ ẹ bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́. Mú un jáde. Kà á."

Wọ́n mú un jáde. Wọ́n fi ìgò ojú sójú, wọ́n ṣí i, wọ́n fi ohùn kóòtù kà á, ohùn tí kò gbóná, tí kò tutù.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Job ní: Ihò kẹrìndínlógún ni a wà. Rótìmí àti Sàláwù tí wọ́n jọ ń gbá dọ́gba. Sàláwù ló ń kọ iye ìgbá Rótìmí. Bọ́ọ̀lù Rótìmí wọ koríko gíga. Ó bẹ̀rẹ̀. Sàláwù wà lókèèrè, èmi ń wá omi nínú àpò. Mi ò rí nǹkan kan. Mo kàn rí i tó gbé ọwọ́ sókè, tó pe Sàláwù wá. Ìgbá kan ni Sàláwù fi borí nígbẹ̀yìn. Òun ló lọ sí Kẹ́ńyà."

Wọ́n dúró. Mo rí i lójú wọn pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ń gbọ́ ohun tí wọ́n kọ.

"Ó kù," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ ló kù." Wọ́n ka ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ohùn kóòtù ti fi wọ́n sílẹ̀.

Bàbá mi ń wo ọwọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí Àǹtí Ìbísọ́lá, wọ́n sì ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà sún mọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu nǹkan. Ọjọ́ wo ni àwọn àgbà yín lè wá?" Wọn ò dúró gbọ́ èsì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà."

Bàbá Kóòtù nu ìgò ojú wọn. Wọ́n tún un kà, wọn ò bù sí i, wọn ò bù nínú rẹ̀:

"Rótìmí ní: 'Ẹ̀gbọ́n Sàláwù, ewé gbígbẹ ni mò ń yọ, bọ́ọ̀lù mi sì mì. Ẹ kọ ìgbá kan kún tèmi.' Sàláwù ní: 'Mi ò rí i.' Rótìmí ní: 'Mo mọ̀.' Sàláwù ní: 'Job náà ò rí i. Kò sí kámẹ́rà níbí. Ta ló wá rí i?' Rótìmí ní: 'Èmi rí i.'"